Rédíò Ọgbà, Etí Èmi Nìkan

Ẹ má ṣàánú mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí. Àánú kọ́ ni mo wá tọrọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé mi ṣépè. Èmi fúnra mi ti ṣe méjèèjì, kò sì tíì tó.

Mojọlá ni orúkọ mi. Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Bàbá bàbá mi ló ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, tí kò padà sílé mọ́. Rantya, nínú Jos náà, ni èmi àti Adégbìtẹ́ ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú Ìfẹ́, ọmọbìnrin wa. Ọgbà wa wà ní ìparí ọ̀nà tóóró kan. Àpáta ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, géètì irin sì wà níwájú.

Baba Simeon ni olórí ọgbà. Ọmọ Berom ni, ó ṣiṣẹ́ kùsà títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni kò sì ti rí ẹni pàṣẹ fún mọ́ àfi àwa. Nígbà tí rògbòdìyàn kan ṣẹlẹ̀ nílùú, tí wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì, tí iná lọ, tí gbogbo wa jókòó sílé bí adìyẹ abẹ́ agbọ̀n láìmọ ohun tó ń lọ, ló bá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àwa Yorùbá inú ọgbà ń pè é ní ìgbìmọ̀ ìmúrasílẹ̀. Ìmúrasílẹ̀! Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé bíbọ̀ Jésù lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń dúró dè. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kò ju fèrè kan àti garawa yanrìn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n wá. Wọ́n ní kí gbogbo wa dáwó, kí a ra rédíò tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ kò béèrè iná, kò béèrè bátìrì tuntun. Apá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ ó máa yí, bí ẹni ń fọwọ́ lọ ata. Bí ẹ bá ti yí i dáadáa, á gba agbára, á sì máa sọ̀rọ̀. Kódà bí gbogbo Jos bá ṣókùnkùn, ẹ ó gbọ́ ohun tí ìjọba wí.

Èmi ni wọ́n rán lọ rà á. Wọ́n ní ẹnu mi mú, mo sì lè fi Hausa nájà. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọkàn mi dára, mo sì dúpẹ́ pé wọn ò purọ́.

Ọjà Terminus ni mo lọ, sí ìsọ̀ Mukhtar tó ń ta rédíò àti tọ́ọ̀ṣì. Hausa la fi bá ara wa sọ̀rọ̀, Yorùbá ni màá fi sọ ọ́ fún yín.

"Sannu da zuwa, Madam. Ta ni ẹ fẹ́ rà á fún? Ṣé fún ara yín ni, àbí fún ilé?"

"Ọgbà wa ni. Ilé pọ̀ níbẹ̀."

Ó gbé dúdú kan jáde. Ó tóbi, kò lẹ́wà rárá, apá rẹ̀ nípọn bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó yí i díẹ̀, ó sì tan án. Ohùn tó jáde mú kí obìnrin tó ń ta aṣọ ní òdìkejì bojú wẹ̀yìn.

"Dúdú yìí, ti ilé ni," Mukhtar wí. "Ẹ gbé e sí àárín ọgbà, ẹni tó ń fọ abọ́ á gbọ́, ẹni tó wà ní ilé ìgbẹ́ náà á gbọ́."

"Pupa yẹn ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Pupa náà kéré, ó ń dán. Ó ní tọ́ọ̀ṣì ní imú, ó ní gíláàsì tó ń gba oòrùn lórí, ó sì ní ihò kékeré kan tí wọ́n ń ki iápíìsì bọ̀. Mukhtar yí i. Ohùn tó ti inú sípíkà rẹ̀ jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Èyí, ti ẹnì kan ni, Madam. Ẹni tó bá ki iápíìsì sétí nìkan ni á gbádùn rẹ̀. Àbí ọgbà kọ́ lẹ sọ?"

"Ọgbà ni mo sọ."

"Ó dáa, dúdú ni kí ẹ mú."

Mo mú pupa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí mi ò sọ fún Mukhtar. Kì í ṣe pé ó ń dán nìkan ló wù mí. Ihò yẹn ni. Mo dúró níbẹ̀, mo rí ara mi lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn á wà létí mi, gbogbo ọgbà á yí mi ká, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn fúnra wọn, ta ni á tún nílò mi?

Nígbà tí mo délé, Baba Simeon gbé e yí sọ́tùn-ún, ó gbé e yí sósì.

"Madam, this one no dey shout o."

"Baba, sípíkà ló máa ń jẹ agbára rẹ̀. Ti iápíìsì ló máa ń pẹ́."

Ó mi orí. Gbogbo wọn mi orí. Àwọn ènìyàn yìí! Bí mo bá ní ìrẹsì ni rédíò náà ń jẹ, wọn ì bá ti gbé ìkòkò kaná.

Christianah nìkan ló ní, "Bẹ́ẹ̀ la ò ní gbọ́ nǹkan kan nìyẹn?" Christianah ń dirun, yàrá rẹ̀ ló kángun sí géètì. Yorùbá bíi tèmi ni, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń lá àlá. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o." Ìyá ọkọ mi wá kí wa nígbà kan, Christianah sì rẹ́rìn-ín sí wọn tòyàyàtòyàyà, ó ní, "Mama, o ti jẹun?" Mo fi ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sílé wa, màá sín in jẹ fún un.

"Màá máa sọ ọ́ fún ẹ," ni mo dá a lóhùn. "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

Ìyá ọkọ mi, ẹni tí mo ń sọ yìí, opó ni wọ́n. Kuru, lẹ́yìn ìlú Jos, ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí ọkọ wọn kọ́ kí ó tó kú. Wọn kì í bú mi. Bí wọ́n bá bú mi, ì bá dùn mọ́ mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì èébú. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú abọ́ tí mo ti fọ̀, wọ́n á wò ó sínú oòrùn, wọ́n á sì rọra tún un fọ̀. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa kọrin ìyìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nínú kíṣìnì, ọkọ mi wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ kedere: "Ẹ máa bọ̀ wá gbé, Màmá. Kí lẹ ń tọrọ gáfárà sí? Tiyín ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọbẹ̀ tí mo ń rò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí mi lẹ́sẹ̀. Wá gbé? Nínú ilé mi? Àwọn tí wọ́n ń fọ abọ́ fífọ̀?

Mi ò bi í léèrè. Ìgbéraga ò jẹ́. Mo dúró kí ó wá sọ fún mi, kò sọ, ìyẹn sì tún bí mi nínú sí i. Mo ní áà, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ìyá àti ọmọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé ni ìlú tún dàrú.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan sáré, gbogbo ènìyàn sáré. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru. Nẹ́tíwọ̀kì lọ. Iná ti lọ ṣáájú. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni, fóònù kú lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Baba Simeon ti géètì, ó fi irin dábùú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń sọ̀rọ̀ ni rédíò pupa, etí mi ló sì ń bá sọ̀rọ̀.

Mo jayé, ẹ̀yin ènìyàn. Irọ́ ò sí níbẹ̀. Láràárọ̀, màá gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá yí rédíò, màá ki iápíìsì sétí, màá sì di ojú. Wọ́n á péjọ sí iwájú mi bí ẹni fẹ́ gba ìlérí.

"Me suka ce?" ni wọ́n á máa béèrè. Kí ni wọ́n wí?

"Sun ce..." Màá dánu dúró. Wọ́n ní. Adùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn! Ta ni "wọ́n"? Kò sẹ́ni tó béèrè. "Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde."

Ìyá kan gbé pòtétò wá fún mi. Ẹlòmíràn bá mi la igi. Nígbà tí ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí òun náà gbọ́ díẹ̀, mo ní, "Bàbá Ìfẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán, kó má bàa sá lọ." Ó fi mí sílẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ohun tí mo sì fi ń rẹ́ ẹ jẹ láti ọdún yìí wá nìyẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́.

Ọkọ mi ò lè sùn. "Màmá nìkan ló wà ní Kuru," ni ó ń sọ ṣáá. "Bí wọ́n bá ti lè ṣí ọ̀nà báyìí, mo ń lọ mú wọn wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣí i. Mo gbọ́ ọ fúnra mi. Olùkéde náà fi Hausa sọ ọ́ wẹ́rẹ́: wọ́n ti dẹ òfin náà ní Rantya, ní Kuru àti láwọn ibòmíràn, kí àwọn ènìyàn máa bá iṣẹ́ wọn lọ lọ́sàn-án.

Mo la ojú. Gbogbo wọn ń wò mí. Ọkọ mi ti wọ bàtà. Ó ti so okùn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí, Mojọlá?"

Ẹ gbọ́, mo ní ààyè láti sọ òtítọ́. Kò sẹ́ni tó di mí lẹ́nu, èṣù kankan ò sì rán mi níṣẹ́. Mo kàn wo bàtà yẹn, mo sì rí Màmá nínú yàrá ẹ̀yìn mi, mo rí àwọn abọ́ mi nínú oòrùn. Mo ní kí n fi ọjọ́ kan kún un. Ọjọ́ kan péré, kí n lè ronú ohun tí màá bá ọkọ mi sọ.

"Wọ́n ní ó ku díẹ̀," mo wí. "Wọ́n ní Rantya ò tíì sí nínú rẹ̀. Kuru náà."

Ọkọ mi tú okùn bàtà rẹ̀.

Baba Simeon gbé etí sókè. "Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìró mọ́tò ní títì."

"Sójà ni, Baba."

"Àwọn sójà ń fọn fèrè bí ọlọ́kọ̀ èrò?"

"Ẹ jáde lọ bi wọ́n léèrè."

Kò jáde. Ta ló fẹ́ kú? Christianah ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ní kó máa lọ, mo ní kó sọ orin tó fẹ́ ká kọ níbi ìsìnkú rẹ̀ kó tó lọ. Ó padà sí yàrá.

Ṣùgbọ́n irọ́ tí kò bá jẹun, kì í dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, gbogbo wọn ń kùn. Omi ti ń tán, gaàrí ti ń tán. Baba Simeon ti gbé ọwọ́ lé irin géètì. Ọkọ mi dúró tì í. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá jáde dé ẹnu títì péré, àṣírí mi á tú. Ẹ̀rù bà mí, inú sì tún ń bí mi pé wọ́n ń fipá mú mi. Ẹnu mi là.

"Wọ́n ní àwọn jàǹdùkú kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Kuru! Wọ́n ní wọ́n ń ya ilé wọ̀!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ọgbà yí padà. Baba Simeon tó ti ń wá ogun tó máa jà láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti rí i. Ó ní kí àwọn ọkùnrin kó òkúta jọ sẹ́yìn géètì. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn, kí ó pariwo, kí wọ́n ti géètì pa. Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo wò wọ́n, mo sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi, ẹ wo ìyà! Èmi tí mo dá iná sí igbó ni mo ń fi ẹni tó ń sá rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ni mi ò lè wò lójú. "Ọ̀nà Kuru?" ó bi mí. "Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n dé?"

"Wọn ò sọ ọ́."

"Mojọlá, tún gbọ́ ọ dáadáa. Jọ̀ọ́."

Mo ki iápíìsì sétí, mo ṣe bí ẹni ń gbọ́. Orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Mo mi orí. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gun àpáta ẹ̀yìn ilé lọ, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Oúnjẹ tí mo gbé fún un, kò fọwọ́ kàn án.

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Mo lè gun àpáta yẹn, kí n kúnlẹ̀, kí n ní "Bàbá Ìfẹ́, irọ́ ni mo pa." Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi rédíò kọ́rùn, mo fi iápíìsì sí etí méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ orin.

Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, ẹlòmíràn ló sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọkọ mi lórí àpáta rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n yọ ní orí ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, tí wọ́n ń rìn bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì. Ayọ̀ sọ ọ́ di ọmọdé. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó kígbe:

"Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé o!"

Kí ni ọmọ Yorùbá á pe ìyá rẹ̀? Wọ́n ni.

Christianah wà níbi tó ń sá aṣọ. Ó gbọ́ "wọ́n." Fún òun, ẹni púpọ̀ ni "wọ́n." Ta ni à ń retí, tó pọ̀, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Kuru? Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sì fi Hausa kígbe sí gbogbo ọgbà:

"Sun zo! Sun zo! Wayyo, sun zo!"

Wọ́n ti dé. Nínú Hausa, kò sí ọ̀wọ̀ tó kù nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni.

Ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ọgbà náà nísàlẹ̀ tí ì bá gbọ́ igbe ọkọ mi, tí ì bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tí ì bá ní "ẹ dúró, ìyá ọkọ mi ni." Etí onítọ̀hún ti dí. Orin ló ń gbọ́.

Mo rí i pé àwọn ènìyàn ń sáré. Mo rí Baba Simeon tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn kékeré ara géètì, èyí tó ti ṣí díẹ̀ láti yọjú síta. Mo rí àwọn ọkùnrin méjì tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn náà kọ̀, kò fẹ́ pa dé. Wọ́n pa agbára pọ̀. Mo yọ iápíìsì nígbà yẹn, mo sì gbọ́ igbe.

"Ọwọ́ mi o! Adégbìtẹ́ o! Ọwọ́ mi!"

Mo mọ ohùn náà.

Ọkọ mi já bọ́ láti orí àpáta, orúnkún rẹ̀ ti bó. "Ẹ ṣí i! Ìyá mi ni! Ẹ ṣí i, ìyá mi ni!"

Nígbà tí wọ́n ṣí i, Màmá jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Mi ò ní sọ bí ìka wọn ṣe rí. Mo ń rí i bí mo ti ń kọ èyí, ìyẹn ti tó.

Christianah wólẹ̀, ó ń lu orí. "Ó ní 'wọ́n'! Mo gbọ́ ọ! Wọ́n ti dé, ló sọ!"

"Màmá ni mo ń pè ní wọ́n!" ọkọ mi kígbe mọ́ ọn. "Ṣé màá pe ìyá tó bí mi ní 'ó' ni?"

Wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń là á kọjá. Ilé ìwòsàn ni ó kù. Baba Simeon yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Madam. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ńkọ́? Me suka ce?"

Ẹnu mi là. "Wọ́n ní..." Mo tún un ṣe. "Wọ́n ní..."

Kò jáde. Ẹnu tó ń ṣàn bí omi láti ọjọ́ yìí, ó gbẹ.

"Kawo nan!" Christianah já rédíò gbà lọ́rùn mi. Okùn rẹ̀ gé mi lára. Ó fa iápíìsì yọ, ó ju ú nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí apá rédíò náà. Ó ń yí i, ó ń sunkún. Ohùn ẹ̀fọn yẹn jáde, gbogbo wọn sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ orí ba.

Orin ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni olùkéde dé: "...an sassauta dokar hana fita a Rantya da Kuru tun jiya..." Wọ́n ti dẹ òfin náà ní Rantya àti Kuru láti àná.

Christianah kò dáwọ́ dúró. Ó ń yí i, bí ẹni pé bí ó bá yí i sí i, ọkùnrin náà á sọ nǹkan mìíràn.

Màmá la ojú. "Ọ̀nà wo ló tì?" wọ́n wí. "Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wọ̀. Ọjà ti ń ná. Mo rí i pé ẹ ò yọjú, mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ wà láàyè."

Baba Simeon bọ́ fìlà rẹ̀. Ó wò mí, ó wo òkúta tó wà lẹ́yìn géètì, ó tún wò mí. "Sun ce, sun ce," ó wí jẹ́jẹ́. "Su wa suka ce?"

Wọ́n ní, wọ́n ní. Ta ni wọ́n?

Mi ò rí ẹni tí màá nàka sí. Èmi nìkan ni.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé díẹ̀ nínú ìka Màmá. Èyí tó kù nínú ọwọ́ ọ̀tún náà kò lè di ṣíbí mú. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀, imú mi ń ṣàn, mo sì tún ń ṣàwáwí, nítorí èmi kì í ṣíwọ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ẹ ò sọ fún mi. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ò sọ fún mi. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu yín lórí fóònù."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Kí ni o gbọ́?"

"Ẹ ní, 'Ẹ máa bọ̀ wá gbé.'"

"Gbé e, Mojọlá. Ẹ wá gbé e. Máṣíìnì ìránṣọ wọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ fi rán aṣọ àwọn akọrin ní Kuru." Ó rẹ́rìn-ín, mi ò tún fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. "Ta ló sọ fún ẹ pé ìyá mi ò nílé?"

Ẹ rí mi báyìí. Mo fi ọgbà odindi kan sínú ẹ̀rù, mo fọ́ ọwọ́ arúgbó, kí obìnrin kan má baà wá gbé ibi tí kò ní í lọ́kàn láti gbé.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà báyìí. Ta ni á jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ dá gbé Kuru? Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń ró ìró fún wọn, èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Ọkọ mi ò lù mí, kò lé mi. Ó ń kí mi káàárọ̀ bí àlejò. Nínú ọgbà, bí mo bá yọ, ọ̀rọ̀ á parí. Christianah kò bá mi jà. Ó kàn ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ Ìfẹ́ ni, ó ti mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o," kò sì fi "ẹ" kí mi.

Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò mọ nǹkan kan. Màmá sọ fún gbogbo ènìyàn pé géètì ló pa òun lọ́wọ́, ó tán. Kì í ṣe irọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá dé, olórí àwọn obìnrin ìjọ pè mí síwájú. Ó ní kí àwọn ìyàwó ilé ìwòyí wá wo àpẹẹrẹ. Ó ní mélòó nínú wa ló lè gba ìyá ọkọ sílé, tí á máa fọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ? Àwọn ènìyàn ń hó. Mo dúró níbẹ̀ nínú búbà tuntun. Mo wá ojú ọkọ mi, ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ní kí Màmá sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn àga mú. Ohùn wọn lọ sókè dáadáa.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi yìí," wọ́n wí. "Mo ní ilé tèmi tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi sì tó ṣe gbogbo nǹkan. Bí kì í bá ṣe ti Mojọlá, mi ò ní í sí lọ́dọ̀ wọn lónìí."

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, wọn ò fẹ́ dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."